Àgbéyẹ̀wò Títo Kílọ́ọ̀ṣì Alùpùpù Orí Yìnyín

Alùpùpù orí yìnyín jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí àwọn ará Kánádà, àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà àti àwọn ará Sweden, Norway àti Finland ń gùn nígbà òtútù. Ó ní síkì méjì níwájú tí a fi ń darí rẹ̀, ó sì ní ẹsẹ̀ rọ́bà gbọọrọ kan tí ń yí po lábẹ́ ìjókòó, tí ń fi eyín rẹ̀ gbá yìnyín sẹ́yìn kí ọkọ̀ náà lè lọ síwájú. Láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rọ́bà yìí ni kílọ́ọ̀ṣì méjì wà, tí bẹ́líìtì kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀, àwọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí àpótí jíà ń ṣe nínú ọkọ̀ mìíràn. Títo àwọn kílọ́ọ̀ṣì yìí, ìyẹn pípààrọ̀ àwọn irin àti sípíríǹgì inú wọn kí ọkọ̀ lè sáré tàbí kí ó lè gun òkè ju bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde lọ, ti di ìmọ̀ ńlá lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tí ń fi ọkọ̀ náà díje, ó sì ti bí oríṣiríṣi èrò tí kò fi gbogbo ara bá ara wọn mu. Àgbéyẹ̀wò yìí yóò ṣàlàyé ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe, yóò gbé àwọn èrò náà yẹ̀ wò, yóò sì fi hàn pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ náà ń lé: kí ẹ́ńjìnnì lè dúró síbi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù lọ, yálà ọkọ̀ ń sáré lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, tàbí ó ń wọ́ gòkè nínú yìnyín tí ó mù ún dé ìjókòó.

Bí ètò bẹ́líìtì ṣe dé orí yìnyín

Joseph-Armand Bombardier, ọmọ ìlú Valcourt ní ìpínlẹ̀ Quebec, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ ní 1937 lórí ẹsẹ̀ rọ́bà àti àgbá eléyín tí ń yí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tí ń kó ọ̀pọ̀ èrò ni ó kọ́kọ́ fi ṣe, ó sì di 1959 kí alùpùpù fífúyẹ́ tí wọ́n sọ ní Ski-Doo tó jáde. Ní Roseau ní ìpínlẹ̀ Minnesota, àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ Polaris sílẹ̀ ti kan tiwọn ní àárín àwọn ọdún 1950. Bẹ́líìtì tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ kò ti orí yìnyín ṣẹ̀, nítorí pé àwọn alùpùpù Salsbury ti ń lò ó ní California ní àwọn ọdún 1930, Hub van Doorne sì gbé ọkọ̀ DAF tí ó ń lo irú ètò kan náà jáde ní Netherlands ní 1958. Ìwà yìnyín ni ó jẹ́ kí ètò náà fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Yìnyín lè le bí òkúta níbì kan, kí ó sì jìn dé àyà ènìyàn ní ìwọ̀nba mítà díẹ̀ síwájú. Bí awakọ̀ bá ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ó tó yí jíà nínú irú yìnyín bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba àkókò kékeré tí agbára fi kúrò lára ẹsẹ̀ rọ́bà ti tó kí ọkọ̀ dúró, kí ó sì rì.

Lónìí, ètò yìí wà nínú àwọn alùpùpù aláìníjíà tí wọ́n ń gùn káàkiri àwọn ìlú ńlá, oríṣi rẹ̀ tí ń lo bẹ́líìtì irin sì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò Toyota àti Nissan tí ń wọ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó ni pé kọ̀ǹpútà àti ọ́ìlì ni ó ń darí ti inú mọ́tò, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n irin, líle sípíríǹgì àti bí irin ṣe dagun tó ni ó ń darí ti alùpùpù orí yìnyín. Ohun gbogbo tí ń pinnu ìgbà tí jíà yóò yí ni a lè fi ọwọ́ mú, kí a sì gbé lé òṣùwọ̀n, ìdí sì nìyí tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì

Kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wà ní orí ọ̀pá tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, kílọ́ọ̀ṣì kejì sì wà ní orí ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sọ́dọ̀ ṣéènì àti ẹsẹ̀ rọ́bà. Àwo irin méjì tí ó kọjú síra ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, inú àwo náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bẹ́líìtì sì há sí àárín wọn. Àwo kan dúró sójú kan, èkejì sì lè sún mọ́ ọn tàbí kí ó sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àwo méjèèjì bá sún mọ́ra, bẹ́líìtì a gòkè lọ sí etí wọn, bí wọ́n bá sì jìnnà síra, bẹ́líìtì a sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ ọ̀pá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, bẹ́líìtì wà nísàlẹ̀ nínú kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ó sì wà ní etí nínú kílọ́ọ̀ṣì kejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan bí ìgbà mẹ́rin kí ọ̀pá kejì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ni ipò méjèèjì ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀pá kejì yóò fi máa yí ju ẹ́ńjìnnì lọ. Bí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ oníjíà ṣe ń yí jíà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ ní ìwọ̀n kan náà, ì báà máa gòkè, ì báà máa sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì ṣe ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì láìsí pé awakọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun ju tọ̀rọ́tù, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kí eré lè pọ̀ sí i, lọ.

Nínú kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ni àwọn irin-ìwọ̀n wà, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, tí a fi ìdè mú lẹ́sẹ̀ kan kí ẹsẹ̀ kejì lè máa là síta bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yí. Ohunkóhun tí ń yí po ni agbára kan ń tì kúrò ní àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, agbára yìí kì í sì pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìyípo: bí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, agbára náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí irin-ìwọ̀n bá ti là síta, ó ń ti rọ́là, rọ́là ń ti àwo, àwo sì ń fún bẹ́líìtì. Sípíríǹgì àkọ́kọ́ ni ó dúró láti dí i lọ́nà títí ìyípo yóò fi tó. Nínú kílọ́ọ̀ṣì kejì, sípíríǹgì mìíràn wà pẹ̀lú hẹ́líìsì, ìyẹn irin róbótó tí wọ́n gé etí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ọ̀nà tí ó yí òkè ká. Nígbà tí yìnyín bá di ẹsẹ̀ rọ́bà mú, àwo tí ń sún a yí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ hẹ́líìsì yìí, a sì fún bẹ́líìtì le sí i, tí yóò sì lé e padà sí jíà kékeré. A lè sọ nígbà náà pé kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ń gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì kejì ń gbọ́ ti yìnyín, iṣẹ́ ẹni tí ń tò wọ́n sì ni pé kí àdéhùn wọn bọ́ sí ìyípo tí ó tọ́.

Ìyípo tí a ń lé

Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan tí agbára rẹ̀ ti ń dé òkè pátápátá, èyí tí a lè pè ní ìyípo agbára. Fún àwọn ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ńlá tí ó pọ̀ lórí yìnyín, ìyẹn àwọn tí ń jó epo lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 8,000 ni iye náà, àyè tí agbára náà sì ti pọ̀ kò fẹ̀. Bí ìyípo bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 300 tàbí 400, ẹ́ńjìnnì ń gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù fún un. Bí ó bá sì kọjá rẹ̀, ariwo ni yóò pọ̀, agbára yóò sì ti máa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò fi bẹ́ẹ̀ le koko lórí èyí, nítorí pé àyè agbára tiwọn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá pààrọ̀ páìpù èéfín tàbí tí ó gbẹ́ inú ẹ́ńjìnnì láìtún kílọ́ọ̀ṣì tò fi ń rí i pé ọkọ̀ kò yàtọ̀, tàbí pé ó tilẹ̀ lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ìyípo agbára ti ṣí kúrò níbi tí ó wà, kílọ́ọ̀ṣì sì ṣì ń mú ẹ́ńjìnnì dúró sí ibi àtijọ́.

Ohun mẹ́rin tí ọwọ́ lè yí

Èkíní ni irin-ìwọ̀n. Bí ó bá wúwo sí i, ó ń ti bẹ́líìtì lọ sí jíà ńlá kíákíá, ìyípo ẹ́ńjìnnì a sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́, jíà ńlá a pẹ́ kí ó tó dé, ìyípo a sì gòkè. Gíráàmù mélòó kan lórí irin kọ̀ọ̀kan ti tó láti yí ìyípo padà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan, nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń gbé irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé òṣùwọ̀n kékeré, tí wọ́n sì ń rí i dájú pé wọ́n wúwo bákan náà, kí kílọ́ọ̀ṣì tí ń yí ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan má baà máa gbọ̀n. Ibi tí ìwúwo wà lára irin náà tún ṣe pàtàkì: ìwúwo tí ó wà nítòsí ìdè ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra, èyí tí ó wà ní ìmú irin sì ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí eré bá ti pọ̀. Lára àwọn kílọ́ọ̀ṣì Ski-Doo kan tí wọ́n ń pè ní TRA, ìdè onípò mẹ́fà wà tí a fi ń yí igun irin náà láìtú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ipò kọ̀ọ̀kan sì ń yí ìyípo padà pẹ̀lú nǹkan bí 200.

Èkejì ni sípíríǹgì àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà méjì máa ń wà fún. Nọ́ńbà kìn-ín-ní ni agbára rẹ̀ nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì ṣì ṣí sílẹ̀, òun ni ó sì ń pinnu ìyípo tí kílọ́ọ̀ṣì yóò ti kọ́kọ́ gbá bẹ́líìtì mú, tí ó sábà máa ń wà láàrin 3,000 àti 4,000 lára ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó ti ilé iṣẹ́ wá. Nọ́ńbà kejì ni agbára rẹ̀ nígbà tí a bá ti fún un pọ̀ tán, èyí sì ń kan ìyípo nígbà eré gíga. Ẹni tí ó ń díje lórí adágún dídì lè fẹ́ kí ìgbámú ga kí ọkọ̀ lè fò jáde, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń rìn láàrin igi nínú yìnyín jíjìn, ìgbámú gíga ń mú ọkọ̀ ta gìrì lójijì, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ́bà gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni hẹ́líìsì, tí a ń fi dígírì wọn. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi, bẹ́líìtì ń tètè lọ sí jíà ńlá. Bí ó bá kéré, kílọ́ọ̀ṣì kejì ń fún bẹ́líìtì le sí i, ìyípo ń ga díẹ̀, ọkọ̀ sì ń tètè padà sí jíà kékeré nígbà tí ẹrù bá pọ̀ lójijì. Àwọn kan ní igun méjì lára, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 46 dígírì, fún àpẹẹrẹ, tí wọ́n á sì parí sí 40, kí ọkọ̀ lè fi agbára gbéra síbẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má rẹ̀ nígbà eré gíga. Ẹ̀kẹrin ni sípíríǹgì kejì, tí ó ń ran hẹ́líìsì lọ́wọ́. Líle rẹ̀ ń mú kí ìpadà sí jíà kékeré yá, ṣùgbọ́n bí ó bá le kọjá ìwọ̀n, apá kan agbára ẹ́ńjìnnì ni yóò máa lò láti fún bẹ́líìtì lásán, agbára náà yóò sì di ooru.

Gíga ilẹ̀ àti irú ìrìn

Kò sí títò kan tí ó lè bá gbogbo ilẹ̀ mu. Ní ìwọ̀n mítà 300 kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ bá fi ga sí i, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Roseau ní Minnesota kò ga ju òkun lọ ju nǹkan bí mítà 320, ṣùgbọ́n West Yellowstone ní Montana lé ní mítà 2,000. Ọkọ̀ tí a gbé láti ìlú kìíní lọ sí ìkejì yóò ti sọ nǹkan bí ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bí irin-ìwọ̀n tí a tò fún Roseau bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹrù yóò wúwo ju agbára tí ó kù lọ, ìyípo yóò wálẹ̀, awakọ̀ yóò sì rò pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Fífi irin tí ó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀ kò dá agbára tí ó sọnù padà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lo gbogbo èyí tí ó kù. Ski-Doo gba ọ̀nà mìíràn lọ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì oní-tọ́bò tí ó gbé jáde fún ọdún 2020, èyí tí ń di agbára ẹṣin 165 mú títí dé nǹkan bí mítà 2,400; àwọn tí ń gun irú rẹ̀ kì í ní láti pààrọ̀ irin nítorí gíga ilẹ̀ títí tí wọn yóò fi kọjá ibẹ̀.

Irú ìrìn náà tún ń béèrè ohun tirẹ̀. Nínú ìdíje gígun òkè ní Jackson ní Wyoming, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà sí jíà kékeré ní kíá tí ó bá fò lulẹ̀ lẹ́yìn òkìtì kan, nítorí náà igun hẹ́líìsì kékeré àti sípíríǹgì líle ni ó bá a lára mu. Ní Eagle River ní Wisconsin, níbi tí wọ́n ti ń sáré lórí yìnyín líle tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, yíyára lọ sí jíà ńlá ni ó ń mú èrè wá. Nínú ìdíje Iron Dog ní Alaska, tí ó lé ní kìlómítà 3,000, bẹ́líìtì tí kò gbóná tí kò sì já níye lórí ju eré tí ó fi díẹ̀ pọ̀ lọ.

Ibi tí èrò ti yàtọ̀

Àríyànjiyàn kìíní ni bóyá kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, tàbí èkejì. Àwọn kan gbà pé irin-ìwọ̀n nìkan ni ó yẹ kí a yí títí ìyípo yóò fi bọ́ sípò, kí a tó ronú sí ohun mìíràn. Àwọn mìíràn sọ pé kílọ́ọ̀ṣì kejì ni ìpìlẹ̀, nítorí pé bí kò bá mú bẹ́líìtì dáadáa, gbogbo ohun tí a ń ṣe nínú ti àkọ́kọ́ ń ṣìnà. Ìwé tí Olav Aaen, ará Wisconsin, kọ lórí títo kílọ́ọ̀ṣì, Clutch Tuning Handbook, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti wo kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì pọ̀ bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Èyí ni ó bọ́gbọ́n mu jù lọ: kí a fi irin-ìwọ̀n wá ìyípo nígbà eré gíga, kí a sì fi kílọ́ọ̀ṣì kejì wá bí ọkọ̀ ṣe ń dáhùn nígbà tí awakọ̀ bá jọ̀wọ́ tọ̀rọ́tù tí ó sì tún tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn.

Àríyànjiyàn kejì ni ti àwọn àpò ohun èlò tí wọ́n ń tà ní odidi, tí irin-ìwọ̀n, sípíríǹgì àti hẹ́líìsì wà nínú wọn fún gíga ilẹ̀ kan pàtó. Àwọn tí ń tà wọ́n sọ pé ó gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdánwò púpọ̀, òótọ́ sì ni èyí débi kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tò ó kò mọ bí ẹni tí yóò gùn ún ṣe sanra tó, kò sì mọ irú yìnyín tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀. Ó dára láti kà á sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, kí a má kà á sí òpin iṣẹ́.

Ooru, bẹ́líìtì àti ìlànà ìdánwò

Kí ẹnikẹ́ni tó ra irin kan, ó yẹ kí ó yẹ ohun tí ó ti wà wò. Kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kan náà. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ há dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, nítorí pé bí ó bá le jù, ọkọ̀ a máa wọ́ lọ nígbà tí ó yẹ kí ó dúró, bí ó bá sì dẹ̀ jù, jíà tí ó kéré jù lọ ti sọnù nìyẹn. Bẹ́líìtì tuntun nílò nǹkan bí kìlómítà 50 ìrìn pẹ̀lẹ́ kí ó tó mọ ara, àwọn àwo irin sì gbọ́dọ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ eruku rọ́bà àti ọ́ìlì. Rọ́là tí ó ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí sípíríǹgì tí ó ti rẹ̀ máa ń fara hàn bí ẹni pé títò kò dára, bẹ́ẹ̀ ni ogbó ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. Wọ́n máa ń fi máákà fa ìlà dúdú láti ìsàlẹ̀ àwo kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ dé etí rẹ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ náà sáré tagbáratagbára lórí ibi gbọọrọ, wọ́n á sì wo ibi tí bẹ́líìtì nu ìlà náà dé: bí ìlà bá ṣẹ́ kù ní etí, bẹ́líìtì kò tíì dé jíà tí ó tóbi jù lọ. Nígbà eré náà, ojú gbọ́dọ̀ wà lára aago ìyípo, nítorí pé ìyípo tí ó dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni àmì títò tí ó dára. Bí ọkọ̀ bá dúró, tí a sì ti pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá gbóná ju èkejì lọ ni bẹ́líìtì sábà ń yọ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí òtútù ṣe mú tó àti bí ilẹ̀ ṣe ga tó, nítorí pé ẹni tí ó bá yí ohun méjì pa pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láìsí ìbòrí kílọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀, nítorí pé bẹ́líìtì tàbí irin tí ó bá já nígbà náà lè gba ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí ènìyàn.

Ìdájọ́

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìmọ̀ kílọ́ọ̀ṣì kò le nítorí pé ó farasin. Ó le nítorí pé ó ń béèrè sùúrù. Ilé iṣẹ́ ń to ọkọ̀ fún ènìyàn tí kò mọ̀, fún ilẹ̀ tí kò rí, nítorí náà àyè àtúnṣe wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ tí ń jáde. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tún bẹ́líìtì àti ìlà kílọ́ọ̀ṣì ṣe, tí ó mọ ìyípo agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí ó sì yí ohun kan lẹ́ẹ̀kan, yóò rí èrè tí páìpù olówó iyebíye kò lè fún un. Kí ẹni tí ó fẹ́ ná owó sórí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ to kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dáadáa, nítorí agbára tí kílọ́ọ̀ṣì kò bá lè gbé dé ilẹ̀, nínú bẹ́líìtì ni yóò ti jóná.